Bench press fún eléré ìdárayá: ìbéèrè àti ìdáhùn láti Abẹ́òkúta

Iṣẹ́ mi ni láti máa ran eléré ìdárayá lọ́wọ́ kí agbára wọn lè pọ̀ sí i, ní Abẹ́òkúta níbí. Agbábọ́ọ̀lù ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bi mí léèrè, àmọ́ akànṣẹ́, oníjàkadì àti àwọn tó ń ju irin róbótó náà kò gbẹ́yìn. Láti ìgbà tí ìpínlẹ̀ Ògùn ti gbàlejò Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìbéèrè àwọn ọ̀dọ́ nípa irin gbígbé tún ti pọ̀ sí i. Mo kó àwọn tó ń wá léraléra nípa bench press jọ síbí, ìyẹn kí èèyàn dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, kó sọ irin kalẹ̀ sórí àyà, kó sì tì í padà gòkè. Ẹni tí dókítà bá ti ní kó má gbé nǹkan wúwo, ọ̀rọ̀ dókítà rẹ̀ ni kó tẹ̀ lé.

Eléré ìdárayá ni mí, mi ò bá ẹnikẹ́ni díje nínú irin gbígbé. Kí ni bench press fẹ́ ṣe fún mi?

Ó ń fún iṣan àyà, iwájú èjìká àti iṣan ẹ̀yìn apá lágbára. Àwọn iṣan yìí la fi ń ti nǹkan kúrò lára. Oníjàkadì tí wọ́n dà dùbúlẹ̀ nílò wọn, ẹni tó ń ju irin róbótó nílò wọn, agbábọ́ọ̀lù tí ẹni ẹ̀yìn ń fi èjìká tì kúrò lórí bọ́ọ̀lù náà nílò wọn. Akànṣẹ́ nílò wọn nígbà tí òun àti alátakò bá dìmọ́ra, àmọ́ kí ó má rò pé bench press ni yóò mú ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ le. Láti ẹsẹ̀ àti ìbàdí ni ẹ̀ṣẹ́ tó ń dáni ṣubú ti ń wá. Apá ló kàn ń gbé e débi tó ń lọ.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ sáré, máa ń gbé irin pọ́ùn 225, ìyẹn nǹkan bíi kìlò 102, lórí bẹ́ǹṣì títí tí yóò fi sú wọn, kí wọ́n lè mọ iye ìgbà tí kálukú gbé e. Eré tiwọn ló béèrè fún ìyẹn. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní Kútọ̀ kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú iye yẹn. Tí ó bá lè gbé ìwọ̀n ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí irin náà dúró dáadáa lórí àyà kó tó gòkè, ó ti tó o fún mi. Kí ó kó àkókò tó kù lọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kóòṣì, ó ti pẹ́ tí mo ti wà lórí kìlò 80. Kí ló dé tí n kò kúrò níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín: kí lẹ máa ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé? Ní ọ̀pọ̀ jíìmù àdúgbò, láti Àdàtán dé Pánṣẹ́kẹ̀, ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ ìfagagbága. Wọn á to pléètì, irin pẹlẹbẹ tí a ń kó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá, wọn á máa fi kún un, ẹnì kan á máa pariwo pé "Tì í! Ìwọ lo ni ín!", bẹ́ẹ̀ ẹni tó dúró lórí rẹ̀ ti bá a gbé ìdajì irin náà. Agbára ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọn á tún wọ̀n ọ́n, ọ̀kan náà ni yóò sì jẹ́, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjèèjì kò sí ẹni tó ṣiṣẹ́ tí yóò mú un pọ̀ sí i. Èyí ló ń dun mí jù nínú jíìmù wa, torí àwọn ọmọ náà kì í ṣọ̀lẹ rárá.

Iṣan máa ń lágbára nígbà tó bá ti ìwọ̀n tó wúwo díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tó jẹun, tó sì sinmi. Ẹyọ kan ṣoṣo tí èèyàn fi gbogbo ẹ̀mí tì kò pọ̀ tó láti kọ́ iṣan, ó sì ń tán èèyàn lókun fún ọjọ́ bíi mélòó kan, nígbà tí kóòṣì bọ́ọ̀lù yín ń retí yín lórí pápá.

Ètò tí mo máa ń fún èèyàn nìyí: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ó kéré tán ọjọ́ méjì wà láàárín wọn. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ibi tí agbára yín dé. Ẹ mú irin tí ẹ lè gbé ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún tó mọ́, ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in sí ọ̀nà 30, kí ẹ wá fi ohun tí ẹ rí kún ìwọ̀n irin náà. Ẹni tó gbé kìlò 80 ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, 80 lọ́nà 5 jẹ́ 400. Tí a bá pín in sí 30, ó jẹ́ 13 àti díẹ̀. Agbára rẹ̀ fún ẹyọ kan yóò wà ní nǹkan bíi kìlò 93. Kò péye tán, àmọ́ ó tó ṣètò lé lórí, kò sì sí ẹni tí irin há mọ́ láyà nítorí rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀tì kan ni iye ìgbà tí ẹ gbé irin léra kí ẹ tó sinmi. Ọjọ́ kìn-ín-ní, sẹ́ẹ̀tì márùn-ún, ẹ̀ẹ̀márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye yẹn: kìlò 70 fún ẹni tí mo fi ṣàpẹẹrẹ yìí. Ọjọ́ kejì, sẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta-mẹ́ta, pẹ̀lú kìlò 75, kí irin sì dúró jẹ́ẹ́ lórí àyà kó tó gòkè. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún láàárín sẹ́ẹ̀tì. Èyí ni àwọn agbábọ́ọ̀lù kì í fẹ́ gbọ́. Wọ́n ti mọ́ra pé kí òógùn máa ṣàn kí wọ́n tó gbà pé àwọn ṣiṣẹ́. Ẹ sinmi. Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kó ku ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ ṣì lè gbé kí ẹ tó dá irin padà.

Tí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ fi kìlò 2.5 kún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tó bá kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì léra, ẹ dín ìdá kan nínú mẹ́wàá kù, kí ẹ tún máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe ìdajì iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, irin náà lè fúyẹ́ lójú yín. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, ẹ má fi kún un.

Wẹ́dà ló rọ pléètì jíìmù wa, kò sí nọ́ńbà lára wọn. Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tí mò ń gbé?

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹni tó bi í ti rò lọ. Méjì nínú àwọn pléètì yẹn lè dọ́gba lójú kí ọ̀kan fi kìlò kan àbọ̀ ju èkejì lọ, torí pé irin tí wẹ́dà rí lọ́jọ́ náà ló gé. Ọwọ́ òsì á máa ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ ọ̀tún lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ kó wọn lọ bá àwọn tó ń ra irin àlòkù. Òṣùwọ̀n ni iṣẹ́ tiwọn. Ẹ wọ̀n wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọ̀dà funfun kọ iye rẹ̀ sí ojú irin gan-an, kì í ṣe sí etí tí yóò máa ha dànù. Ẹ wá so èyí tó súnmọ́ra pọ̀ ní méjì-méjì.

Ẹ wọn ọ̀pá náà pẹ̀lú. Nínú ìdíje irin gbígbé ti Olympics, ọ̀pá tí ọkùnrin fi ń díje jẹ́ kìlò 20, ti obìnrin jẹ́ kìlò 15. Páìpù tí wọ́n gé ní àdúgbò lè má tó ìdajì ìyẹn. Ẹni tó ń sọ pé òun ń gbé kìlò 100 lórí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ yóò ya ẹnu nígbà tó bá dé jíìmù gidi.

Bí ẹ bá ti wà lọ́dọ̀ wẹ́dà, ẹ ní kó gé pléètì kékeré méjì tó jẹ́ kìlò kan àti díẹ̀ fún yín, kí ihò àárín wọn wọ ọ̀pá yín. Nínú gbogbo irin tó wà ní jíìmù, àwọn méjì yìí ni yóò mú yín tẹ̀ síwájú jù, torí níbi tí pléètì tó kéré jù ti jẹ́ kìlò 5, kìlò 10 ni èèyàn ń fò lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí apá tó ń lágbára tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Báwo ló ṣe yẹ kí n dùbúlẹ̀?

Ẹ dùbúlẹ̀ títí ojú yín á fi wà lábẹ́ irin gan-an. Àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kó balẹ̀ pátápátá. Ẹ wá fa eegun pẹlẹbẹ méjèèjì tó wà lẹ́yìn èjìká pọ̀ mọ́ra, kí ẹ tì wọ́n sísàlẹ̀ sí apá ìdí, bí ìgbà tí ẹ fẹ́ fi wọ́n mú owó bébà kan sáàárín ẹ̀yìn. Àyà á gbé sókè fúnra rẹ̀. Bí ó ṣe wà yìí ni yóò máa wà títí irin á fi padà sórí ìkọ́. Orí, ẹ̀yìn òkè àti ìdí kì í kúrò lórí bẹ́ǹṣì.

Ìdìmú: nígbà tí irin bá kan àyà, kí apá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn-ọwọ́ dúró ṣánṣán. Bí ó bá tẹ̀ sínú, ọwọ́ yín súnmọ́ra jù; bí ó bá tẹ̀ síta, ó fẹ̀ jù. Àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ yí irin ká. Àwọn kan máa ń kó àtàǹpàkò sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú ìka yòókù, wọ́n ní ó rọ ọrùn-ọwọ́ lọ́rùn. Bí òógùn bá yọ irin kúrò ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, orí àyà tàbí ọrùn ló ń bọ̀ sí. Mi ò gbà á láàyè níwájú mi. Ẹ jẹ́ kí irin jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, lókè eegun apá, kí ọrùn-ọwọ́ má tẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ mí sínú kí ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ di èémí náà mú. Ibi tí irin ń balẹ̀ sí jẹ́ ìsàlẹ̀ orí ọmú díẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ kò gbọdọ̀ nà jáde gbọọrọ bí ti ẹyẹ tó na ìyẹ́, kò sì gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ìhà. Àárín méjèèjì ni. Tí ẹ bá ń tì í gòkè, irin kì í lọ tààrà, ó ń tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ títí á fi dúró sókè èjìká. Ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bí ẹ ti ń tì í. Ibi tó le jù bá ti kọjá, ẹ lè mí síta.

Ṣé kò dára kí irin ta padà lára àyà? Ó máa ń gòkè dáadáa bẹ́ẹ̀.

Ó ń gòkè nítorí pé egungun ìhà yín ló ń ta á. Ẹ wo àwọn tí Nàìjíríà fi ń yangàn nínú bench press. Nínú ìdíje Paralympics, ìyẹn ìdíje àgbáyé ti àwọn eléré tó jẹ́ aláàbọ̀ ara, bench press nìkan ni eré irin gbígbé tí wọ́n ń pè ní powerlifting, orílẹ̀-èdè wa sì wà lára àwọn tí wọ́n ń bẹ̀rù níbẹ̀: nínú wúrà mẹ́jọ tí Nàìjíríà gbà ní Rio lọ́dún 2016, mẹ́fà ló wá láti ibẹ̀. Yakubu Adesokan gbé kìlò 180 ní London lọ́dún 2012, nínú ẹgbẹ́ àwọn tí ara wọn kò ju kìlò 48 lọ. Folashade Oluwafemiayo gba wúrà ní Tokyo, ó sì tún gba òmíràn ní Paris lọ́dún 2024, níbi tó ti gbé kìlò 167.

Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé irin gbọ́dọ̀ balẹ̀ sórí àyà, kó dúró láìmira, kí apá méjèèjì sì tì í gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ wọn wà lórí bẹ́ǹṣì, wọn kò rí ilẹ̀ tẹ̀. Agbára àyà, èjìká àti apá pátá ni ẹ ń wò yẹn. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé kìlò 90 tó ń ta padà, àmọ́ tí kò lè gbé 75 tó bá dúró. 75 ni agbára rẹ̀, ibẹ̀ ló sì yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó máa ń kọjá 90 àtijọ́ náà, irin á sì wà lábẹ́ àkóso rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lórí pápá tàbí nínú ìjàkadì, alátakò kì í ta padà fúnra rẹ̀.

Kò sí ẹni tó lè dúró tì mí nígbà tí mo bá ń gbé irin.

Ẹ má fi kílíìpù dè pléètì nígbà náà. Bí irin bá há, ẹ lè gbé ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ kí pléètì yọ̀ bọ́, ẹ̀gbẹ́ kejì á sì tẹ̀ lé e. Ariwo rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ẹ máa dìde. Bí bẹ́ǹṣì yín bá ní irin ìdáàbòbò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tò ó kó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí àyà. Bí kò bá ní, iye tí ó dá yín lójú nìkan ni kí ẹ gbé lọ́jọ́ tí ẹ bá dá wà.

Ẹni tó bá sì wá dúró tì yín, kó dúró níbi orí, kó ràn yín lọ́wọ́ láti gbé irin kúrò lórí ìkọ́, kó wá kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Kò ní fọwọ́ kan irin àfi tó bá dúró tàbí tó bá ń padà sísàlẹ̀. Èyí tó bá ti fọwọ́ kàn, ẹ má kà á mọ́ tiyín.

Èjìká ń dùn mí.

Bí ó bá jẹ́ ìrora tó mú bí abẹ́rẹ́, ẹ dá irin dúró lónìí. Lẹ́yìn ìsinmi, ẹ mú ọwọ́ súnmọ́ra díẹ̀, ẹ dín ìwọ̀n kù, kí ẹ sì wo bí ẹ ṣe ń pín iṣẹ́ yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń tì, wọn kì í fà. Fún gbogbo sẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá tì, ẹ fa ọ̀kan: ẹ tẹ̀ba kí ẹ fa irin wá síkùn, tàbí kí ẹ so rọ̀ mọ́ ọ̀pá kí ẹ fa ara yín gòkè. Ẹ̀yìn tó le ni èjìká ń jókòó lé.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò lọ, ẹ lọ rí physiotherapist, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé. Wọ́n wà ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí nǹkan já pàù nítòsí abíyá, tí ibẹ̀ wú tàbí tó ń di dúdú, iṣan lè ti ya. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi róòbù fà á.

Oúnjẹ wo ni kí n máa jẹ? Mi ò ní owó ìyẹ̀fun purotéènì.

Ẹ kò nílò rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ agbára nílò purotéènì gíráàmù 1.6 sí 2.2 fún kìlò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹni tó wọn kìlò 75, ó kéré tán gíráàmù 120. Ẹyin kan ní nǹkan bíi 6. Ẹ̀wà sísè gíráàmù 100 ní bíi 8. Ẹja, adìyẹ tàbí ẹran tó jẹ́ gíráàmù 100 lẹ́yìn sísè máa ń ní 20 sí 30. Ẹ fi wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà kún un, àti mọ́ínmọ́ín, àti ẹ̀pà.

Mo mọ̀ pé ọmọ Ẹ̀gbá kò ní fi làfún sílẹ̀, mi ò sì sọ pé kí ó fi í sílẹ̀. Làfún àti ìrẹsì ọ̀fàdà ń fún yín ní okun tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú làfún fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ afúnni-lókun nìkan, torí náà ohun tó wà nínú ọbẹ̀ la ó bi léèrè. Òkèlè ńlá pẹ̀lú ewédú àti pọ̀nmọ́ méjì kò lè kọ́ àyà. Pọ̀nmọ́ dùn lóòótọ́, àmọ́ purotéènì inú rẹ̀ kò pé fún iṣan. Ẹja ni kí ẹ bèèrè.

Bí owó bá wà fún ohun kan ṣoṣo, creatine ni, ìyẹ̀fun kan tó ń fún iṣan lókun, gíráàmù 3 sí 5 lójúmọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, kò sì sí lára ohun tí WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn nínú eré ìdárayá, fòfin dè. Abẹ́rẹ́ àti oògùn tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ fún "kí ara yọ" ni kí ẹ sá fún. Ẹni tí wọ́n bá bá steroid, oògùn tó ń mú kí iṣan tóbi, lára rẹ̀ lè lọ jókòó sílé fún ọdún 4, àwáwí pé ọ̀rẹ́ ló fún òun kì í gbà á sílẹ̀. Ó sì dìgbà tí ẹ bá ń sùn fún wákàtí 7 sí 9 lóru kí gbogbo èyí tó wúlò.

Obìnrin ni mí. Ṣé àyà mi ò ní dà bíi tọkùnrin?

Rárá. Omi ara tó ń mú kí iṣan ọkùnrin tóbi kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára obìnrin. Ẹ̀yin gan-an ló nílò àwọn pléètì kékeré tí mo sọ yẹn jù, torí kìlò 2.5 lórí irin 30 pọ̀ ju kìlò 2.5 lórí irin 90 lọ.

Ọmọ mi jẹ́ ọdún 14, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣé kò ní dá gíga rẹ̀ dúró?

Kò ní dá a dúró, bí àgbà tó mọ iṣẹ́ náà bá wà níbẹ̀. Kó kọ́kọ́ lè ṣe push-up 20 tó mọ́, kó wá lo ọ̀pá lásán. Kó má gbìyànjú láti mọ iye tó pọ̀ jù tó lè gbé.

Mo máa ń sáré gun àtẹ̀gùn Olúmọ láàárọ̀. Ṣé mo lè gbé irin lọ́jọ́ kan náà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà láàárín wọn, kí ẹ jẹun, kí ẹ mu omi. Lásìkò ooru oṣù kejì àti ìkẹta, ẹ mú aṣọ ìnura dání, kí ẹ fi nu ọwọ́ àti bẹ́ǹṣì. Ẹ̀yìn tó ń yọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kò lè di èjìká mú.

Nígbà ààwẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó láti dá agbára dúró síbi tó wà. Ẹ gbé e lẹ́yìn ìṣínu, ní wákàtí kan sí méjì, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta péré, pẹ̀lú ìwọ̀n tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi kún un nínú oṣù yẹn.

Ọ̀sẹ̀ tí ìdíje bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kí ni kí n ṣe?

Iṣẹ́ irin tó wúwo kẹ́yìn, ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣáájú. Ọjọ́ méjì ṣáájú, sẹ́ẹ̀tì méjì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta-mẹ́ta, pẹ̀lú ìdajì agbára yín, kí ẹ tì í gòkè kíákíá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má fọwọ́ kan irin mọ́ títí ìdíje á fi parí, kódà bí àwọn ọ̀rẹ́ bá ń pè yín wá wo ìfagagbága ọjọ́ Sátidé.